Iná àfikún lára alùpùpù: ọ̀nà tí wáyà gbà ló ń dá wàhálà sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsimi. Ọ̀rọ̀ iná LED kékeré méjì tí àwọn èèyàn ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ iná iwájú alùpùpù ni mo fi kọ̀wé yìí. Láti Àjàṣẹ́ dé Ìtákété, láti Pọ́bẹ̀ dé Kétu, títí lọ dé Ṣábẹ́, àwọn oní-zémidjan (ọlọ́kadà tiwa) ń wá a, àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ lálẹ́ náà ń wá a. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí. Ẹni tó bá gun alùpùpù lóru láti Kétu lọ sí Ìlárá nígbà ọyẹ́, tí eruku pupa bo ojú ọ̀nà, mọ̀ pé iná wáàtì 35 tó bá alùpùpù wá kò tó nǹkan. Lójú títì Ṣábẹ́ tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí òkè, ewé tútù díẹ̀ tí awakọ̀ já sílẹ̀ ló sábà máa ń kìlọ̀ pé ọkọ̀ kan ti bàjẹ́ síwájú. Èèyàn gbọ́dọ̀ rí ewé yẹn kó tó dé ìdí ọkọ̀.

Iná náà dára. Bí wọ́n ṣe ń so ó ni kò dára. Swíìṣì ń yọ́, bátìrì ń kú kó tó pé oṣù mẹ́ta, iná iwájú tó wà tẹ́lẹ̀ pàápàá ń kú mọ́ ọn, ẹni tó ra iná á sì gbà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tọ wáyà náà láti orí bátìrì dé ìdí iná, àwọn àṣìṣe kan náà la máa ń bá níbẹ̀. (Mo ń lo orúkọ tí àwọn ará Nàìjíríà tó ń ka ìwé ìròyìn yín náà máa gbọ́: fíùsì ni fúsíbù tiwa níhìn-ín, rìléè sì ni rẹlẹ́.)

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á bó ara wáyà iná iwájú, wọ́n á lọ́ wáyà iná tuntun mọ́ ọn, wọ́n á wé tẹ́ẹ̀pù lé e. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, iná á sì tàn lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, oní-cc 100 sí oní-cc 125, iná iwájú kì í gba agbára lára bátìrì rárá. Inú màgínítò, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ló ti ń gbà á tààrà. Iná tó ń ti ibẹ̀ wá sì ni irú èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, bíi ti SBEE, iléeṣẹ́ iná mànàmáná tiwa, nínú ilé. Kì í ṣe èyí tó ń kọrí sápá kan ṣoṣo bíi ti bátìrì. Gílóòbù àtijọ́ kò bìkítà, ó kàn ń gbóná, ó ń tàn. LED kò rí bẹ́ẹ̀, apá kan ṣoṣo ni iná gbọ́dọ̀ gbà wọ inú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, LED á máa ṣẹ́jú. Bí a bá fún un ní epo, agbára tó ń bọ̀ á máa fò sókè sódò, ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú LED á sì jó kó tó pẹ́.

Ó rọrùn láti mọ irú èyí tí alùpùpù yín jẹ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ swíìṣì iná iwájú. Bí kò bá tàn àfi ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, màgínítò ló ń bọ́ ọ. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà náà. Bó bá tàn, ti bátìrì ni, síbẹ̀ ìyẹn kò ní kí a so iná àfikún mọ́ wáyà rẹ̀. Iná wáàtì 35 ń fa nǹkan bí áńpìà 3 lórí fólìtì 12. Bí a bá fi iná méjì kún un, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 20, áńpìà 3.3 míì ti wọlé. Wáyà tín-ín-rín yẹn, pẹ̀lú bàbà pẹlẹbẹ kékeré inú swíìṣì, tí wọ́n ṣe fún ẹrù kan, wá ń ru méjì. Á kọ́kọ́ gbóná, á di àwọ̀ ilẹ̀, ike á yọ́, nígbà tó bá yá iná iwájú àti iná àfikún á kú pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ọ̀nà, lórí eré. Ẹni tó ń wá iná mẹ́ta kò wá ní ẹyọ kan mọ́. Ìdí nìyí tí àṣìṣe yìí fi burú ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Ìṣirò ló yẹ kó ṣáájú kí a tó bó wáyà kankan. Ẹ fi fólìtì pín wáàtì, ẹ óò rí áńpìà: 40 tí a fi 12 pín jẹ́ 3.3. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́, torí iná tó kéré bí ìkúùkù ọmọdé tí wọ́n kọ wáàtì 100 sí lára kì í sábà fa ìdajì rẹ̀. Mítà tí a fi ń wọn iná ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Gílóòbù oníwáàtì 55 tó jẹ́ ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, méjì rẹ̀ jẹ́ 110, ìyẹn áńpìà 9 ó lé díẹ̀. Ẹ má gbé e sórí alùpùpù kékeré. Bátìrì ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju áńpìà-wákàtí 2.5 sí 5 lọ. Iná tó ń fa áńpìà 3.3 lára bátìrì 2.5, láìsí pé ẹ́ńjìnnì ń dá nǹkan padà síbẹ̀, á gbẹ ẹ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45.

Ẹ gbé mítà sórí bátìrì kí ẹ lè rí i kedere. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi máa ń fi fólìtì 12.6 sí 12.8 hàn. Ẹ ta ẹ́ńjìnnì, ẹ fún un ní epo títí yóò fi máa ké bíi ti ìgbà tí ẹ wà lójú títì: 13.5 sí 14.5 ló yẹ kí ẹ rí. Ẹ wá tan gbogbo iná. Bí mítà bá ṣì dúró lókè 13, ara rẹ̀ gbà á. Bó bá já sísàlẹ̀ 12.8 tó tún ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bátìrì ló ń san gbèsè tí màgínítò kò lè san. Iná ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Bó bá kọjá 15 ńkọ́? Rẹgúlétọ̀, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí fólìtì màgínítò wà níwọ̀n, ló ti bàjẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ná, torí yóò tètè pa LED tuntun.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí iná àfikún ní ọ̀nà tirẹ̀ láti orí bátìrì, kí swíìṣì ọwọ́ má sì ru ẹrù rẹ̀. Rìléè, ìyẹn swíìṣì tí iná kékeré fi ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá, la fi ń ṣe é. Ẹ yí i dojú dé, ẹ óò rí nọ́ńbà lábẹ́ rẹ̀. 30 ń lọ sí orí pọ́sítíìfù bátìrì, fíùsì á sì wà láàárín wọn. 87 ń lọ sí iná méjèèjì. 85 ń lọ sí nẹ́gétíìfù. 86 ló ń gba àṣẹ láti ara swíìṣì. Àṣẹ yìí kò ju nǹkan bí áńpìà 0.15 sí 0.2 lọ, nítorí náà swíìṣì kékeré lásán lè ṣe é títí láìgbóná. Gbogbo ẹrù tó wúwo ń gba inú rìléè kọjá, láti 30 sí 87.

Rìléè ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ní ẹsẹ̀ kan láàárín tí wọ́n kọ 87a sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. 87a máa ń ní iná nígbà tí rìléè bá ń sùn. Bí a bá jí i ni iná rẹ̀ ń kú. Ẹni tó bá so iná mọ́ ọn á rí i pé bí òun bá tan swíìṣì, iná á kú, bí òun bá pa á, iná á tàn. Dípò kó wo abẹ́ rìléè, á yí swíìṣì dorí kodò, á ní iṣẹ́ ti parí. Lọ́sàn-án, bó ṣe yọ kọ́kọ́rọ́ ni rìléè sùn, iná sì tàn, ṣùgbọ́n oòrùn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Nígbà tó bá máa fi padà wá, bátìrì ti kú.

Níbo ni swíìṣì ti máa mú àṣẹ tó ń fún 86? Lára wáyà tó ń ní iná nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣí nìkan. Wáyà tó ń wọ swíìṣì bíréèkì dára fún un. Ẹ mú un níbi tó ti ń wọlé, kì í ṣe níbi tó ti ń jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ni iná á máa tàn. Ẹ má mú un lára iná iwájú tí màgínítò ń bọ́. Rìléè á máa gbọ̀n, á máa ké bí ìrẹ̀, ojú rẹ̀ á sì jó. Ẹ má sì fi àwọ̀ wáyà ṣe ìdájọ́ láìfi mítà wò. Lára Honda, àwọ̀ ewé ni nẹ́gétíìfù, dúdú sì ni wáyà tó ń gba iná láti ara kọ́kọ́rọ́. Lára Yamaha, dúdú yẹn gan-an ni nẹ́gétíìfù. Ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lórí ọ̀kan, tó wá fi ojú rẹ̀ wo èkejì, á so pọ́sítíìfù pọ̀ mọ́ nẹ́gétíìfù ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ní ti wáyà, oní-1.5 mm² ni kí ẹ lò láti bátìrì dé ìdí iná, àti fún ìpadà; 0.75 tó fún àṣẹ rìléè. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi so ẹ̀rọ agbóhùn kì í ṣe ti iṣẹ́ yìí. Ẹ tún fi abẹ ha ara irin inú rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n kun bàbà lójú ni. Gbígbọ̀n alùpùpù á ṣẹ́ ẹ kó tó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ fíùsì ló ń dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ rò pé iná ni fíùsì ń dáàbò bò. Wáyà ló ń dáàbò bò. Bí wáyà bá bó tó kan férémù, bátìrì kékeré yẹn lè tú agbára jáde lẹ́ẹ̀kan náà débi tí wáyà á fi pọ́n bí irin inú àrọ, abẹ́ táńkì epo ló sì gbà kọjá. Nítorí náà, fún iná tó ń fa áńpìà 3.3, fíùsì áńpìà 5 ni. Kí ó má jìnnà sí orí bátìrì ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Àwọn kan ń fi í sí ìtòsí iná níwájú. Gbogbo wáyà tó wà láàárín bátìrì àti ibẹ̀ kò ní ààbò kankan nìyẹn. Àwọn míì, bí fíùsì bá ti jó lẹ́ẹ̀mejì, á fi 20 sí i, tàbí kí wọ́n wé bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ ọn. Fíùsì tó jó ti sọ ohun tó rí. Ẹ wá ibi tí wáyà ti bó, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tó ń fi alùpùpù gbé kẹ́ẹ̀gì epo kpayo (bẹntiróòlù fàyàwọ́) ní láti gbọ́ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Wáyà ìpadà, tí a ń pè ní máàsì, ni wọn kì í bìkítà fún. Wọ́n á dè é mọ́ bóòtù tó bá sún mọ́ wọn lára férémù, lórí ọ̀dà. Ọ̀dà kì í gbé iná kọjá. Bí ẹ bá rí i pé iná àfikún ń dín kù tó ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń tan iná tí a fi ń yà sọ́tùn-ún sósì, máàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Iná méjèèjì ń wá ọ̀nà padà nínú ara wọn. Iná tó wà lórí fọ́ọ̀kì iwájú tún burú sí i, torí inú gírísì ọrùn alùpùpù ni iná náà ní láti gbà padà. Ẹ fa wáyà máàsì tirẹ̀ tààrà dé orí nẹ́gétíìfù bátìrì, ọ̀rọ̀ á tán.

Ibi ìsopọ̀: lílọ́ wáyà méjì pọ̀ kí a sì wé tẹ́ẹ̀pù kò tó. Ooru ẹ́ńjìnnì á yọ́ gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ̀pù náà, òjò á wọ ibẹ̀, bàbà á di àwọ̀ ewé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ fi orí onírin tí a ń fi ẹ̀mú fún mú wáyà méjèèjì, ẹ wọ rọ́bà tó ń súnkì bí ooru bá kàn án lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ fi òjé jó o lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ibi tí òjé parí sí le gbagidi, ibẹ̀ gan-an ni wáyà ti ń ṣẹ́ nítorí gbígbọ̀n. Kó dè é mọ́ nǹkan tó dúró sójú kan. Bí iná bá ní ẹnu ìsopọ̀, kí ó dojú kọlẹ̀, kí wáyà sì tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ inú rẹ̀, kí omi lè kán síbi tó tẹ̀ náà.

Ọ̀nà tí wáyà gbà náà ṣe pàtàkì. Ibi ọrùn alùpùpù ló ti ń kú jù, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń yí lọ yí bọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ yí ọwọ́ sápá òsì títí dé òpin, ẹ yí i sápá ọ̀tún, kí wáyà má fà, kí ó má sì há. Kó jìnnà sí sálẹ́ńsà. Nígbà tí ẹ bá ń dá táńkì padà sórí férémù, ẹ fọwọ́ wá abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó di bóòtù. Ọ̀pọ̀ wáyà tó bó, táńkì ló tẹ̀ ẹ́.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nẹ́gétíìfù bátìrì ni ẹ máa kọ́kọ́ tú, òun náà lẹ máa dá padà kẹ́yìn. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tú pọ́sítíìfù, tí sípánà fara kan férémù, ìṣáná ńlá ni.

Ohun kan tí owó rẹ̀ kéré gan-an wà tó lè gba ọ̀pọ̀ wáyà lọ́wọ́ jíjó. Ẹ mú gílóòbù wáàtì 21, irú tó wà nínú iná ìyàsọ́nà, ẹ so wáyà méjì mọ́ ọn, ẹ fi í sí ojú fíùsì dípò fíùsì fúnra rẹ̀. Kò lè jẹ́ kí ohun tó ju nǹkan bí áńpìà 1.75 lọ kọjá, torí náà kò sí ohun tó máa jó. Ẹ yọ ẹnu ìsopọ̀ iná méjèèjì kúrò ná. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ tan swíìṣì, ẹ gbọ́ kí rìléè dún. Gílóòbù náà gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn. Bó bá tàn kedere, wáyà kan ti kan férémù. Ẹ wá yí ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì, ẹ mi férémù, ẹ fọwọ́ rọ wáyà káàkiri. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ti rí ibi tó ń há. Lẹ́yìn náà kí ẹ dá iná méjèèjì padà. Gílóòbù á tàn, iná tuntun á ṣe bàìbàì, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi fíùsì 5 sí i.

Kí ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀, ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ wọn áńpìà tó ń jáde láàárín nẹ́gétíìfù bátìrì àti wáyà rẹ̀. Ó yẹ kó sún mọ́ òdo. Ìdá kan nínú ogún áńpìà (0.05) tó ń jò á gbẹ bátìrì 5 láàárín ọjọ́ mẹ́rin, kò sì ní tó ọjọ́ mẹ́rin tí kò fi ní lè ta ẹ́ńjìnnì mọ́.

Ojú ẹni tó ń bọ̀ ló kù. Ẹ gbé alùpùpù dúró ní mítà 5 sí ara ògiri, kí ẹni tó máa gùn ún jókòó sórí rẹ̀, kí ẹrù tàbí èrò tó máa ń gbé wà lẹ́yìn, torí ẹrù ẹ̀yìn máa ń gbé iwájú sókè. Ẹ sàmì sí ògiri ní ọ̀gangan ibi tí iná ga dé. Àárín ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 nísàlẹ̀ àmì náà. Iná tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ń fọ́ ojú awakọ̀ tó ń bọ̀, ẹni tí a fọ́ lójú lè yà wá bá wa. Kí swíìṣì wà níbi tí àtàǹpàkò lè dé láìjẹ́ pé a yọ ọwọ́, kí a lè pa á bí a bá rí iná lọ́ọ̀ọ́kán.

Mo bẹ àwọn tó ń ta iná yìí lọ́jà: ẹ fi rìléè kan, ilé fíùsì pẹ̀lú fíùsì 5 méjì, àti wáyà 1.5 mítà mẹ́fà sínú ọ̀rá kan náà, kí ẹ sì gbowó rẹ̀ lápapọ̀. Ẹni tó ra iná nìkan á fi ohun tó bá wà nílẹ̀ so ó. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ní ọmọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi gílóòbù wáàtì 21 yẹn dán alùpùpù mẹ́wàá wò lójú yín kí ẹ tó fún wọn ní ìwé òmìnira.

Olóòtú, bí àyè bá wà, ẹ bá wa tẹ èyí ní lẹ́tà gàdàgbà, kí wọ́n lè gé e lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù: 30 bátìrì pẹ̀lú fíùsì 5, 87 iná, 85 nẹ́gétíìfù, 86 swíìṣì, 87a, ẹ má fi nǹkan kan sí i.

Oníṣẹ́ iná alùpùpù kan,
Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.